Ọjọ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Kì í Ṣe ti Akẹ́kọ̀ọ́ Nìkan

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kọkànléláàádọ́ta Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Akọka nígbà tí àjọ NUC, tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, mú àṣẹ ìjọba àpapọ̀ wá pé kí wọ́n dá a dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ṣẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ alákòóso nígbà náà, Wálé Babalákin, ló fẹ̀sùn kàn pé àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwatóyìn Ògúndípẹ̀ jẹ́ gíwá wọn, kò fi ètò náà tó ìgbìmọ̀ létí bó ṣe yẹ. Ìjà náà le débi pé ìgbìmọ̀ yọ gíwá nípò ní oṣù Kẹjọ, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá a padà ní oṣù Kọkànlá. Láàárín àkókò yìí, àrùn kòrónà ti sé Èkó mọ́lé, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, sì ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Kejìlá. Àwọn tó ti kàwé tán, tí àwọn òbí wọn ti ń ka ọjọ́, kàn jókòó sílé ni.

Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa béèrè pé kí ni èrè lílọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ní àdúgbò Anthony, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ibi tó jìnnà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Anthony, tó kọjá Ọbáníkòró, Palmgrove, Onípaanu àti Fádèyí, kò ní pẹ́ dé Yábàá, níbi tí Yaba College of Technology wà, Akọka náà ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò náà ló ní ọmọ tó ń kàwé tàbí tó ti kàwé jáde ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Èkó. Àwọn ọmọ ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí èsì ti jáde, tí àwọn sì ti ń sin ìlú, kí ni àwọn tún fẹ́ lọ fi gáùn ṣe? Àwọn òbí ń gbọ́, wọn ò fẹ́ dà bí ẹni tó ń dí ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀dùn wọn mì.

Ìwé ìròyìn yìí ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìdúró rẹ̀ sì nìyí. Lílọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ṣe pàtàkì. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ tipátipá, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ mú ìwé ẹ̀rí sọ́wọ́. Ẹrù tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn àwọn yunifásítì àti ìjọba. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ náà di ohun tí ọmọ lè fojú tẹ́ńbẹ́lú, àwọn ló sì yẹ kó tún un ṣe.

Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn tó ní kò pọndandan. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní kíláàsì àti nínú ìdánwò ló sọ ọ́ di ẹni tó yẹ fún oyè, ìgbìmọ̀ Sẹ́néètì yunifásítì ló sì ń fọwọ́ sí èsì. Orúkọ ẹni tí kò wá wà nínú ìwé ayẹyẹ bíi ti ẹni tó wá, oyè tí wọ́n fún àwọn méjèèjì kò sì ju ara wọn lọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1944, ilé níhìn-ín ló ti kà á, kò jókòó ní kíláàsì kankan níbẹ̀. Oyè náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi jẹ́ pé ọ́fíìsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, láìsí gáùn, láìsí ìlù, kò sì sí ẹni tó sọ pé ìmọ̀ wọn kò pé.

Ibi tí èrò àwọn ọ̀dọ́ yìí kù sí ni pé ọ̀rọ̀ oyè nìkan ni wọ́n ń rò, wọn ò ro ti àwọn tó rán wọn níwèé.

Kí ó tó di 1948, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ jókòó ní yunifásítì kó sì gboyè ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó lè lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní oyè Yunifásítì Durham láti 1876, tàbí kó kọjá sí Ìlú Ọba. Ìyá tó fi èrè ọjà rán an lọ àti bàbá tó fi owó oko rán an lọ wà nílé, lẹ́tà ló ń sọ fún wọn pé ọmọ ti yege. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, tí Yunifásítì Èkó sì tẹ̀lé e ní 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131, ọ̀kan lára èrè tó bá a wá ni pé òbí lè jáde nílé láàárọ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ oyè, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Yunifásítì Ìbàdàn mọ iyì èyí, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń gbé ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá ń sọ pé kò sí ohun tí òbí ń wá níbẹ̀ ti gbàgbé ohun tí àwọn baba ńlá wa pàdánù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Owó tí ọmọ fi kàwé lè ti ọwọ́ ìyá tó ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12 wá, tàbí ti ọwọ́ bàbá tó ń wa dánfó láti Kétu, tàbí ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tirẹ̀ dúró kí àbúrò lè sanwó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í bá ọmọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Wọn kì í dé ọ́fíìsì olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì wọ ẹnu géètì yunifásítì rí. Ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí ilé ẹ̀kọ́ ń ránṣẹ́ pè wọ́n, tó ń fún wọn níjòókòó, tó sì ń sọ fún wọn ní gbangba pé owó wọn kò wọgbó. Ọmọ tó bá ní òun ò lọ ti bá gbogbo wọn pinnu, kò sì bi wọ́n léèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkómọjáde wé e. Ọmọ tuntun ti wà láàyè kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ó ti ń mu ọmú, ó ti ń sunkún. Síbẹ̀, kò sí ìdílé Yorùbá tó máa sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti wà, kò sí ìdí láti kó o jáde. Ọjọ́ ìkómọjáde ni ẹbí àti ará àdúgbò ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbà á mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn, tí ojúṣe wọn sí i sì bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó kàwé jáde ṣe ń bọ́ sí ọwọ́ ìlú.

Àpẹẹrẹ ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe wà nítòsí. Ní 2023, níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kẹrìndínlọ́gbọ̀n Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọjọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ló gba ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú máàkì 5.00 nínú 5.00, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1983. Ká ní inú fáìlì ni èsì yẹn wà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ nìkan ni ì bá mọ̀. Nítorí pé wọ́n pè é jáde lójú gbogbo ayé, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi ₦10 mílíọ̀nù ta á lọ́rẹ, orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Èkó ń gbọ́. Ohun tí ọmọdé bá fojú rí ló ń mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹsẹ̀ àwọn kan fi ń fà sẹ́yìn? Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́.

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Láti 1973 tí wọ́n ti dá ètò àgùnbánirọ̀, NYSC, sílẹ̀, ẹni tó bá ti kàwé tán, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, máa ń gbéra lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá pín in sí láìdúró de ayẹyẹ. Nígbà tí ayẹyẹ bá wá dé, ọmọ Anthony ti lè wà ní Sókótó tàbí ní Bayelsa. Kò lè kúrò ní ìpínlẹ̀ tó wà láìgbàṣẹ. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦77,000, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 2025 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń gba ₦33,000. Kí ni yóò fi wọkọ̀ wálé, kí ni yóò sì fi padà?

Ìyanṣẹ́lódì tún wá dá kún un. Ti 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìwé ìròyìn yìí kò sọ pé ẹ̀sùn àwọn olùkọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó oṣù tí kò tó nǹkan àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń wó jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tó di mẹ́fà máa ń sọ ayẹyẹ di ohun tí ọkàn ti kúrò níbẹ̀. Àwọn yunifásítì aládàáni bíi Covenant ní Ọ̀tà, Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ àti Bowen ní Ìwó, tí kì í bá ASUU yanṣẹ́ lódì, máa ń lè sọ ọjọ́ ayẹyẹ wọn ṣáájú, òbí sì máa ń lè múra sílẹ̀. Ọmọ tálákà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ọjọ́ rẹ̀ ń yẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bí ayẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé àti ẹni tó wà ní ipò kìn-ín-ní ni wọ́n sábà máa ń pè lórúkọ. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ bí eṣú, ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà ní fákọ́tì fákọ́tì. Wọ́n á kéde oyè lé wọn lórí, wọ́n á sì jókòó. Ìyá tó jí láago mẹ́rin òwúrọ̀ kò gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹnu àwọn ènìyàn ńlá, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń fi oyè ìdánilọ́lá dá olówó àti olóṣèlú lọ́lá. Àwọn gíwá yunifásítì fúnra wọn mọ̀ pé èyí ti kọjá ààlà. Ní 2012 ni wọ́n ṣe Ìkéde Keffi, tí wọ́n fi fẹnu kò pé kí wọ́n má ṣe fún ẹni tó bá ṣì wà lórí àga ìjọba ní oyè ìdánilọ́lá. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni, kí wọ́n sì pa á mọ́.

Owó ló kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà epo kan ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ kò tíì padà sí bó ṣe wà. Kí ẹbí tó ronú kan owó gáùn, fọ́tò, oúnjẹ àti aṣọ, ọ̀nà nìkan ti jẹ wọ́n lápò. Ẹbí tó bá ń ti Kétu lọ sí Ọjọ́ láti wo ọmọ rẹ̀ ní LASU máa la Èkó já láti ìhà kan sí èkejì.

Àbájáde gbogbo èyí kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni yọ́ jáde, kò sì ní ìfẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́. Lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí wọ́n bá pe àwọn tó ti kàwé jáde pé kí wọ́n wá ran ilé ìkàwé àti yàrá àyẹ̀wò lọ́wọ́, ẹni tí wọn kò dá lọ́lá lọ́jọ́ tirẹ̀ kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó dáhùn. Òbí ń pàdánù ohun tó fi ọdún púpọ̀ san owó rẹ̀. Ayẹyẹ tí a gbà lọ́wọ́ ìwé kíkà kì í sì í ṣòfo. Ibòmíràn ló ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọjọ́ tí wọ́n bá parí ìdánwò ìkẹyìn di ayẹyẹ tiwọn, wọ́n ń fi yíǹkì kọ̀wé sára ẹ̀wù ara wọn, wọ́n ń pa ariwo lójú títì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ti fòfin dè é. Kí wọ́n tó dè é, ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn pé kí ló dé tí ọmọ fi ń yọ̀ níta gbangba, tí kò dúró de ayọ̀ tí wọ́n ní àwọn máa bá a ṣe.

Àtúnṣe kò ṣòro, kò sì ná owó púpọ̀. NUC ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sọ ọ́ di òfin pé gbogbo yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ kéde ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, àti pé aáwọ̀ àárín ìgbìmọ̀ alákòóso àti gíwá kò lè dá a dúró. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè lọ sí kóòtù tàbí sọ́dọ̀ mínísítà ètò ẹ̀kọ́; kí ayẹyẹ máa lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Akọka ní 2020 kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Kí wọ́n pín ayẹyẹ náà sí fákọ́tì, kí wọ́n sì pe orúkọ gbogbo ọmọ. Àwọn tó bá sọ pé èrò ti pọ̀ jù kí wọ́n wo Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló máa ń ṣe ọ̀wọ́ ayẹyẹ kéékèèké láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan á gbọ́ orúkọ rẹ̀, á rìn kọjá lórí pèpéle, àwọn òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ nínú agbádá àti gèlè á pàtẹ́wọ́ fún ọmọ wọn. Bí a bá ní fákọ́tì mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí ó gba ọjọ́ márùn-ún, méjì lójúmọ́. Oyè ìdánilọ́lá àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ńlá lè ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀gá àgbà NYSC náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí àgùnbánirọ̀ tó bá fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn gba àyè ọjọ́ márùn-ún láti lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, láìsí pé ó ń bẹ ẹnikẹ́ni, láìsí ìyà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ìwé ẹ̀rí ṣeé gbà ní kété tí Sẹ́néètì bá ti fọwọ́ sí èsì, yálà ọmọ wá síbi ayẹyẹ tàbí kò wá. Kí yunifásítì ra gáùn tirẹ̀, kí ó máa yá àwọn ọmọ lò ní owó kékeré tí wọ́n á rí gbà padà bí wọ́n bá dá gáùn náà padà. Kí ibòòji àti àga wà fún àwọn àgbàlagbà. Kí wọ́n sì gbé ayẹyẹ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹbí tó wà lókè òkun.

Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìkòsí-Ìṣẹrí àti Àgbóyì-Kétu, lè ṣe ohun kan tí aráàlú máa rí. Wọ́n lè ya bọ́ọ̀sì díẹ̀ sọ́tọ̀ láti Anthony, Kétu àti Mile 12 ní ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Èkó àti ti LASU, fún òbí tó bá ní ìwé ìpè lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò tó owó pátákó ìkíni ọdún tí àwọn olóṣèlú ń gbé sójú títì Ìkòròdú.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹbí. Ẹ má ṣe yáwó ra aṣọ ẹbí, ẹ má ṣe sọ ayọ̀ ọmọ di gbèsè. Aṣọ tó wà nínú àpótí tó. Bí ọmọ bá sì sọ pé òun ò lè lọ nítorí iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tàbí nítorí ọ̀nà tó jìn, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ kó àwọn tó sún mọ́ ọn jọ nílé, kí ẹ sì ṣàdúrà fún un.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé jáde, ipò yòówù kí máàkì yín wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Ipò kẹta náà, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, oyè ni. Ẹ bi ìyá yín, ẹ bi bàbá yín, ẹ bi ẹ̀gbọ́n tó sanwó, bóyá wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn fẹ́, tí ọ̀nà sì ṣí, ẹ mú wọn lọ. Ní ti NUC, àwọn gíwá àti NYSC, kò sí ìdí kankan tí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ fi gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ti wà nínú kàlẹ́ńdà gbogbo yunifásítì ìjọba.